Glenys Tí Kò Fọwọ́ Sí Ìwé

Bí mo bá sọ pé ẹja tí mo pa gùn tó apá mi, ìka ọwọ́ mi ló gùn tó. Èyí kì í ṣe ìròyìn tuntun ní Thornbeck. Kí ìyàwó mi tó kú, ó máa ń sọ fún àlejò pé, "Ohun tí Wilf bá sọ, ẹ pín in sí méjì, kí ẹ sì ju ìdajì fún ajá." Nítorí náà, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa ṣe sí ìtàn Glenys Holroyd tí mo fẹ́ sọ yìí. Nígbà tí a bá dé ibi tó yẹ kí ẹ dáwọ́ pípín dúró, n óò wí fún yín.

Glenys ló ń se tíì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe é. Tíì rẹ̀ le débi pé ṣíbí a máa dá dúró láàárín ife bí ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀. Ní ọdún kan, a gbé òkú darandaran kan wá fún ìsìn ìkẹyìn, òórùn tíì náà fẹ́ dé ìdí pósí, mo sì fi ojú mi rí i tí ìdérí pósí náà gbéra díẹ̀. Àwọn ẹbí òkú ní afẹ́fẹ́ ni. Èmi kò bá wọn jiyàn, wọ́n ń ṣọ̀fọ̀.

Láago mẹ́jọ àbọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí àwa yòókù ṣì ń wá ìbọ̀sẹ̀ kejì, Glenys ti gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé, ilẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ibojì, ó ti gbé kẹ́tù ńlá kaná. Ilé ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì náà kò fẹ̀ tó ibi tí màlúù kan lè yíjú padà sí. Fèrèsé kan wà lára ògiri rẹ̀ tó ṣí sínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ ni Glenys ti ń gbọ́ ìwàásù, ibẹ̀ náà ló ti ń bá wa kọrin, tòun ti aṣọ ìnuwo léjìká. Bí Àlùfáà bá wàásù ju bó ṣe yẹ lọ, a óò gbọ́ tí ife yóò kan ife lójú fèrèsé náà, wo-wo, Àlùfáà á sì mọ̀ pé àdúrà ló kù. Nígbà tí a bá ń jẹ oúnjẹ Olúwa, òun ló máa ń jáde wá kẹ́yìn gbogbo wa, ọwọ́ rẹ̀ á ṣì tutù fún omi. Kò sí ẹni tí kò mọ ìró bàtà rẹ̀.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni Kirsty, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, gbé ọmọ oṣù mẹ́jọ kan wá bá a. Ó ní òun ń lọ sí Leeds fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì náà kò tíì pé dòní. Bryony ni wọ́n ń pe ọmọ náà. Glenys kò pe káńsù, kò pe lọ́yà, kò bu ọwọ́ lu ìwé kankan. Ó kàn lọ gbé ibùsùn ọmọdé kalẹ̀ láti òkè àjà. "Ọmọ ọmọ mi ni," ó wí fún mi. "Ṣé kí n gba rìsíìtì ni?"

Ọmọ jẹ́jẹ́ ni Bryony, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í bá a lára mu. Kí ọkọ̀ tó gun òkè tó wà lẹ́yìn ìlú wa tán, ọmọ náà á ti bì, á bì títí kò fi ní sí ohun tí yóò bì mọ́. Ìgbà tí wọ́n gbé e lọ rí dókítà ojú, abọ́ méjì ni Glenys gbé dání, méjèèjì ló sì lò. Ìdí nìyí tí ilé ìwé ìjọ fi ṣe pàtàkì sí i ju bó ṣe ṣe pàtàkì sí ẹlòmíràn. Ìsọdá títì kan ni. Láti ojú fèrèsé ilé ìdáná wọn ni Bryony ti máa ń gun àpótí, tí ń juwọ́ sí àwọn ọmọ tó ń ṣeré nínú ọgbà. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń pè é ní Bryony Ojú Fèrèsé. Ó ti yan ìkọ́ tí òun yóò máa fi kóòtù òun kọ́, èyí tí wọ́n ya ọ̀pọ̀lọ́ sí.

Ilé ìwé náà dára, ohun tó sọ ọ́ di wàhálà nìyẹn. Ọgbọ̀n ọmọ péré ni wọ́n ń gbà lọ́dún, nítorí òfin sọ pé olùkọ́ kan kò gbọdọ̀ ní ju ọgbọ̀n ọmọ kéékèèké lọ. Ní ọdún tó kan Bryony, mẹ́tàdínláàádọ́ta ló béèrè. Báyìí ni wọ́n ṣe ń tò wọ́n: ọmọ tó wà lọ́wọ́ ìjọba, tí káńsù ń tọ́, ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀, àbúrò àwọn tó ti wà níbẹ̀. Lẹ́yìn wọn, ọmọ àwọn tó ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí àyè bá kù lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n máa tó wọn ọ̀nà láti ilé sí ilé ìwé, kí ẹni tó sún mọ́ jù lè wọlé.

Ta ló wá ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì? Láyé Àlùfáà àná, ìrántí ló fi ń kọ ọ́, àwọn tí kò rí rí gan-an ló sì máa ń rántí jù. Àwọn kan ń ra ọtí fún un, àwọn kan ń yìn ín lójú ọ̀nà. Ó di ìjà. Baba ọmọ kan tó jẹ́ lọ́yà kọ lẹ́tà olójú ewé mẹ́sàn-án sí Bíṣọ́ọ̀bù. Bẹ́ẹ̀ ni a fi pe ìpàdé, a ní kí a gbé ìwé ìfọwọ́sí kan sí ẹnu ọ̀nà ńlá. Kí òbí fọwọ́ sí i kí orin àkọ́kọ́ tó parí. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, fún ọdún méjì. Ẹ̀rí mìíràn kò sí. Gbogbo wa nawọ́ sókè. Èmi ni wọ́n fi ìwé náà lé lọ́wọ́, torí pé mo ti pín lẹ́tà ní ìlú yìí fún ọgbọ̀n ọdún, n kò sì sọ ẹyọ kan nù, àfi èyí tí ewúrẹ́ jẹ.

Glenys gbé tíì wọlé bí a ṣe ń nawọ́. Mo ní, "Glenys, kí lo rí sí i?"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní. "Kí àwọn oníjìbìtì jókòó sílé wọn. Ta ni kò fẹ́ ṣúgà?"

Ohun kan kù tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa ìwé yìí. Bí oṣù bá ní ọjọ́ Ìsinmi márùn-ún, ní èyí tó ṣe ìkarùn-ún, a máa ń ti ṣọ́ọ̀ṣì wa pa ni. Ìjọ mẹ́ta á kóra jọ sí Aldersyke, lódì kejì òkè, níbi tí òrùlé pọ̀ ju èrò lọ. Ìwé pélébé kan ni wọ́n ń fọwọ́ sí níbẹ̀, èmi á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé tiwa. Glenys kì í lọ. Àwọn ará Aldersyke ní alásetíì tiwọn, obìnrin kan tó ń fi wàrà ṣáájú omi. Ọjọ́ yẹn nìkan ni Glenys máa ń sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́ dáadáa.

Ní oṣù kìn-ín-ní, ó mú fọ́ọ̀mù Bryony wá kí Àlùfáà lè fọwọ́ sí i. Àlùfáà tuntun ni, Philippa lórúkọ rẹ̀, kò tíì pé ọdún kan tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ṣí ìwé náà, ó fi ìka tọ orúkọ lọ sísàlẹ̀, ó ṣí ojú ewé òmíràn.

"Ìgbà márùn-ún ni mo rí, Glenys."

"Márùn-ún kẹ̀? Nínú ọdún méjì? Ta lẹ rò pé ó ń se tíì yín, áńgẹ́lì?"

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Mo ń mu ún."

Mo wo ìwé náà. Márùn-ún ni lóòótọ́. Márùn-ún ni iye ìgbà tí kẹ́tù ńlá bàjẹ́, tí kò rí nǹkan ṣe ní ilé ìdáná, tó bá wa gba iwájú wọlé.

"Kí ló dé tí o kì í fọwọ́ sí i?" mo bi í.

"Wilf, ẹnu ọ̀nà iwájú ni ìwé rẹ wà, inú ilé ìdáná lèmi wà. Ṣé kí n fi omi gbígbóná sílẹ̀ kí n wá tò sẹ́yìn àwọn tó ń gbé ọkọ̀ ńlá wá, bí àlejò? Ilé mi nibẹ̀ yẹn. Ta ló ń fọwọ́ síwèé kó tó wọ ilé ara rẹ̀?"

Àlùfáà Philippa kò lè purọ́. Ìgbà márùn-ún ló kọ.

Lẹ́tà dé ní oṣù kẹrin. Àbúrò méjìlá, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì méjìdínlógún. Ọgbọ̀n pé. Wọn kò tilẹ̀ mú okùn ìwọ̀n jáde, ẹni tí kò ní ju títì kan láti sọdá sì bọ́ síta. Ilé ìwé Skelgate ni wọ́n fún Bryony, máìlì méje, lẹ́yìn òkè. Glenys fi fóònù pe káńsù, mo jókòó tì í. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù náà níwà tútù. Ó béèrè bóyá ọmọ náà wà lọ́wọ́ ìjọba, ó ní ká ní ó wà níbẹ̀ ni, òun ni ì bá ṣáájú gbogbo wọn.

"Ká ní mo jù ú sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá nìyẹn," Glenys wí.

"Mà, ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni mò ń kà."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Máa kà á lọ."

Àfi kí a pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Àwọn ẹni mẹ́ta kan ló ń gbọ́ ọ, wọn kì í ṣe ará ilé ìwé, wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ káńsù. Àlùfáà Philippa lọ wádìí, ó sì padà wá pẹ̀lú ojú tó mọ́lẹ̀. Ọ̀nà tóóró kan wà. Bí a bá lè fi hàn pé a kò lo òfin bó ṣe yẹ, wọ́n lè fi Bryony ṣe ìkọkànlélọ́gbọ̀n. Òun yóò kọ lẹ́tà pé ìjọ ló jẹ̀bi: a gbé ìwé sí ẹnu ọ̀nà kan, a gbàgbé ilẹ̀kùn kejì, a sì fi iṣẹ́ wa dá obìnrin kan dúró sídìí rẹ̀. "Ṣùgbọ́n mi ò tíì dé nígbà tí ọdún méjì yẹn bẹ̀rẹ̀," ó wí fún mi. "Ẹ̀yin lẹ máa jẹ́rìí èyí tó kù, Bàbá Wilf. Ẹ mú ìwé náà dání, kí ẹ kàn sọ ohun tí ẹ rí."

Láti ibí lọ, ẹ má pín nǹkan kan sí méjì.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìgbẹ́jọ́, mo jókòó sídìí tábìlì mi nílé, mo ka ẹ̀dà lẹ́tà Àlùfáà. Òótọ́ pọ́ńbélé ni, kò níyọ̀, kò lépo. Mo ronú pé, ṣé èyí ni yóò ṣí ilẹ̀kùn tí ẹni mẹ́ta jókòó tì? Ìwé náà wà níwájú mi, àyè sì wà nísàlẹ̀ orúkọ ní ọ̀pọ̀ ojú ewé. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé Glenys lára agolo tíì rẹ̀ gbogbo. Mo mú kálàmù. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó dà bí ọwọ́ rẹ̀. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mẹ́sàn-án ni mo kọ kí omi tíì tèmi tó hó. N kò fẹ́ kó pọ̀ jù. Mo fẹ́ kó jọ ti ẹni tó máa ń rántí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Níbì kan, mo tilẹ̀ kọ "ó pẹ́ dé" sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, inú mi sì dùn sí ìyẹn gan-an. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Yàrá òkè ilé ìkàwé ni a ti jókòó, láago mẹ́wàá òwúrọ̀, oòrùn ń wọlé. Glenys wọ kóòtù ìsìnkú rẹ̀. Olórí àwọn mẹ́ta náà jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ó fi okùn so awò ojú kọ́rùn. Àlùfáà Philippa sọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ dáadáa. Glenys náà sọ̀rọ̀. Wọ́n bi í pé ife mélòó ló ń fọ̀.

"Ọgọ́ta. Ọgọ́rin bí wọ́n bá ń ṣe ìrìbọmi. Àwọn tó wá nítorí ilé ìwé máa ń fi bísíkíìtì sílẹ̀ sínú ife."

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà rẹ́rìn-ín. Olórí wọn pàápàá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo rí ilẹ̀kùn náà tó ń ṣí, mo búra. Olórí náà wá fa ìwé sọ́dọ̀, ó gbé awò sójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i díẹ̀díẹ̀.

"Ìyáàfin Holroyd, ìgbà mélòó lẹ ní ẹ fọwọ́ sí ìwé yìí?"

"Márùn-ún. Ìgbà tí kẹ́tù bàjẹ́."

"Mẹ́rìnlá lèmi kà."

Ó ṣí ojú ewé kan, ó fi ìka tẹ ibì kan.

"Ọjọ́ Ìsinmi karùn-ún nínú oṣù kẹwàá. Ìwé pélébé kan ni wọ́n lẹ̀ síbí, 'Aldersyke' ló wà lórí rẹ̀. Orúkọ yín wà nísàlẹ̀. Báwo lẹ ṣe dé Aldersyke lọ́jọ́ náà?"

Aldersyke. Mo rí àyè nísàlẹ̀ ìwé ni, n kò wo òkè rẹ̀. Èmi tí mo fi ọwọ́ ara mi lẹ̀ ẹ́.

"N kò dé Aldersyke láti ọjọ́ tí a sin àǹtí mi," Glenys wí. "Yóò tó ọdún mẹ́tàdínlógún. Kò sí bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Ìsinmi, ọmọ ọmọ mi kò sì lè wọ ọkọ̀."

"Ẹ wò ó."

Glenys gba ìwé náà, ó wò ó pẹ́. Ó mọ ọwọ́ náà. Ọdọọdún ni mo ń kọ káàdì Kérésìmesì sí i. Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

"Kì í ṣe èmi ni mo kọ ọ́," ó ní, ó sì dá ìwé náà padà.

Mo dìde. "Èmi ni."

"Ẹ̀yin ta nìyẹn?"

"Ẹni tó ń tọ́jú ìwé náà."

Olórí yọ awò ojú rẹ̀, ó fi í sílẹ̀ kó wà lọ́rùn. Kò bínú. Ì bá sàn ká ní ó bínú. "Àlùfáà," ó ní, "ẹ kò tíì dé ìjọ yìí nígbà tí ọdún méjì náà bẹ̀rẹ̀. Bàbá yìí ni ẹ̀rí yín fún ìgbà yẹn, àbí?"

"Òun ni," Àlùfáà wí.

"Ẹ ṣeun."

Ó tán nìyẹn. A rìn wálé lẹ́bàá odò, àwa mẹ́ta, Àlùfáà wà níwájú. Nígbà tí a dé orí afárá, Glenys dúró, ó di irin rẹ̀ mú.

"Òótọ́ mi kéré, Wilf," ó ní. "Ṣùgbọ́n ó tó."

Ó fi irin náà sílẹ̀, ó tẹ̀ lé Àlùfáà.

Lẹ́tà dé ní ọjọ́ karùn-ún. Wọn kò gbà. Wọ́n ní ìjọ kò fi ẹ̀rí tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé hàn. Àlùfáà gba ìwé lọ́wọ́ mi, obìnrin ọ̀dọ́ kan ló ń tọ́jú rẹ̀ báyìí. Wọ́n ti gbé ìwé kejì sí ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n fi okùn so kálàmù mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹnu ọ̀nà ńlá ni Glenys ń gbà. Láago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, á tò sẹ́yìn àwọn yòókù, á fọwọ́ síwèé, á jókòó sí ìjókòó tó gbẹ̀yìn, á kí ọwọ́ bọ àpò. Ìwé náà kò tún lè ṣe é lóore kankan. Fèrèsé ilé ìdáná wà ní títì. Inú fúláàsì ni a ti ń mu tíì báyìí, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìwàásù sì ń gùn bó bá ṣe wù ú.

Bọ́ọ̀sì kékeré tó ń kó àwọn ọmọ lọ sí Skelgate máa ń dé láago méje ku ogójì ìṣẹ́jú—rárá, mo tún ti ń bù mọ́ ọn. Aago mẹ́jọ ku ogún ló máa ń dé. Iwájú ọgbà ilé ìwé ìjọ gan-an ló ń dúró sí, torí ibẹ̀ nìkan ni àyè wà. Mo máa ń lọ dúró níbẹ̀. Glenys kò lé mi rí, kò sì kí mi. Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú lápá ọ̀tún, èmi wà lápá òsì. Bryony gbé abọ́ pílásítíìkì rẹ̀ mọ́ra. Kì í juwọ́ sí ọgbà yẹn mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó gbé ojú sókè wò mí. "Bàbá àgbà Wilf, ẹ sọ ti ẹja yẹn."

"Mo pa ẹja kan nísàlẹ̀ afárá," mo ní.

"Ó tóbi tó kí ni?"

Mo wo ìyá ìyá rẹ̀. Ojú ọ̀nà ló ń wò. Mo na ìka ìfábẹ̀lá mi sí ọmọ náà.

Ó wò ó. "Ó kéré," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Bọ́ọ̀sì yọ ní ìkóríta, Bryony sì gbé abọ́ rẹ̀ sókè dé ìgbáyà.